dún

dún (ohùn òkè), ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀rọ̀-orúkọ: *dídún*.

1. Mú ìró jáde. *Agogo ilé-iṣẹ́ ti dún. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ń jáde bọ̀.*

2. (Nípa ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ) Mú ìró tí kò yẹ jáde nítorí àbùkù. *Bí mo bá ti ń yà sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi máa ń dún.*

Ohùn. *Dún* kì í ṣe *dùn*. Ẹni tí ó ní «ọkọ̀ yìí dùn» ń yin ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ní «ó ń dún» ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ìlò. Ní ìtumọ̀ kejì, *dún* nìkan kì í tó. Ọ̀rọ̀ afarawé-ìró tí ó bá tẹ̀ lé e ni ó ń gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde. Ní Ṣàngó-Ọ̀tà, níbi tí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti yà kúrò lára ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, tí ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ilé-iṣẹ́ àti ọkọ̀ kékeré sì jọ ń wọ kòtò kan náà, ọkọ̀ tí ń dún nígbà tí ó bá ń yà kì í ṣe nǹkan tuntun. Ẹni tí ó bá sọ fún atọ́kọ̀ṣe pé «ó ń dún» kò tíì sọ nǹkan kan. Bí atọ́kọ̀ṣe bá wá méfò, owó ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò fi méfò náà.

*Dún kọ́-kọ́-kọ́*: ohùn òkè, ìró líle tí ń tún ara rẹ̀ ṣe bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn, tí ó sì ń yára bí táyà ti ń yára. Ìró oríkèé ṣáàfù tí ó wà lẹ́bàá táyà ni èyí. Bọ́ọ̀lù irin wéwé, mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà, ni ó ń yí nínú gírísì níbẹ̀. Bí rọ́bà tí ó bò ó bá ya, gírísì á jáde, iyanrìn á wọlé, irin á sì máa jẹ irin. Ìró náà máa ń hàn jùlọ nígbà tí a bá yí sítíárìn dé òpin tí ọkọ̀ sì ń fà síwájú. Bí ó bá dún nígbà tí a yà sí òsì, ṣáàfù ọ̀tún ni a kọ́kọ́ ń fura sí, nítorí ìhà ibẹ̀ ni ẹrù ọkọ̀ tẹ̀ sí.

*Dún gbì*: ohùn ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí àpò sìmẹ́ńtì tí ó já lulẹ̀. Ó sábà máa ń jáde nígbà tí a bá ń yà tí táyà sì wọ kòtò. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí búṣìn tí ó ti jẹ ni kí a wò. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni ó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ apá irin tí ó dì í mú. Bí ó bá já lórí eré, táyà á wọ́ síta, sítíárìn kò sì ní gbọ́ràn mọ́. Nítorí náà, *gbì* kì í ṣe ìró tí a ń fi dọ̀la.

Bíárìn táyà kì í sábà dún ní ọ̀nà méjèèjì yìí. Ó ń *kùn* bí oyin ni, kíkùn náà sì ń ga bí eré ti ń pọ̀.

Ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, bí Toyota Corolla àti Camry, ni ọ̀rọ̀ ṣáàfù iwájú bá mu. Ọkọ̀ akẹ́rù tí táyà ẹ̀yìn ń tì kì í ní irú oríkèé bẹ́ẹ̀ níwájú.

Ìdánwò. Kí a kọ́kọ́ wo nọ́ọ̀tì táyà, nítorí nọ́ọ̀tì tí ó tú náà ń dún. Lẹ́yìn náà, ní gbàgede tí kò sí èrò, kí a yí sítíárìn dé òpin kí a sì wakọ̀ yípo jẹ́jẹ́, sí ọ̀tún, lẹ́yìn náà sí òsì. Kí a wo ẹ̀yìn táyà bóyá gírísì ti ta sí i. Bí a bá fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí a fi òpó irin tì í. Jáàkì nìkan kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Kí a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí a mì ín: bí ó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bíárìn ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì nìkan ni ó ń mì, táì-rọ́ọ̀dù ni kí a fura sí.

Àtúnṣe. Bí rọ́bà ṣáàfù bá ya ṣùgbọ́n tí kò tíì dún, rọ́bà àti gírísì tuntun lè tó. Bí ó bá ti ń dún *kọ́-kọ́-kọ́*, oríkèé náà ni kí a pààrọ̀. Gírísì lè mú un dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tí ó bá ń ra ṣáàfù tòkunbọ̀, kí ó fi ọwọ́ yí oríkèé rẹ̀ kí ó tó sanwó. Bí a bá pààrọ̀ táì-rọ́ọ̀dù, kí a ṣe aláìnmẹ́ǹtì.

Àpẹẹrẹ ìlò tí ó pé. *«Ọ̀gá, bí mo bá yà sí òsì, ó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ níwájú lọ́tùn-ún, bí mo bá ń lọ tààrà, ó ń dákẹ́.»* Gbólóhùn yìí sọ irú ìró, ibi tí ó ti ń wá àti ìgbà tí kì í dún. Atọ́kọ̀ṣe tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ tẹjú mọ́.

Wo pẹ̀lú: *gbì, kùn, pariwo, ró*.