Àwọn Ìràwọ̀ Tí Kò Tíì Pé Ọjọ́ Mẹ́jọ

Bí wọ́n bá mú iná lọ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù Kejìlá, ẹ bọ́ síta ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ, àfi tí eruku ọyẹ́ bá bò wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ìkùukùu Orion wà, níbi tí wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí níbẹ̀ ti gbéra ní nǹkan bí 1,300 ọdún sẹ́yìn, tipẹ́ kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ òní dó.

Eruku wà lọ́hùn-ún náà, òun ló sì ń fi àwọn ìràwọ̀ ìkókó pamọ́. Àmọ́ X-ray a máa la eruku kọjá, bó ti ń la ẹran ara wa kọjá ní ọsibítù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí X-ray ojú ọ̀run dé ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ gòkè lọ bá a.

Ibí ni Áfíríkà ti wọ ìtàn náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1970, láti orí pèpéle kan lójú òkun Kẹ́ńyà, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Ítálì yin sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé X-ray ojú ọ̀run nìkan ló ń wá. Ọjọ́ náà ni òmìnira Kẹ́ńyà pé ọdún méje, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Uhuru, "òmìnira" ní èdè Swahili. Inú wa dùn sí i, a sì jowú díẹ̀! Uhuru rí X-ray láti apá Orion, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò mú tó láti mọ ìràwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì.

Chandra, tí wọ́n gbé lọ ní 1999, ló ṣe ìyẹn. Ní oṣù Kìíní 2003, ó tẹjú mọ́ Orion fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá. Ibi 1,616 ni X-ray ti ń wá, ìràwọ̀ ọ̀dọ́ sì ni èyí tó lé ní 1,400 nínú wọn. Agbára òòfà ara wọn a lọ́ mọ́ra, a já, ooru a ga dé mílíọ̀nù ìwọ̀n, X-ray a sì bú jáde ju ti oòrùn òní lọ fíìfíì. Ó jọ pé oòrùn wa náà ya irú ìpáǹle bẹ́ẹ̀ léwe.

Oòrùn ti tó bílíọ̀nù 4.6 ọdún, ọ̀pọ̀ àwọn yẹn kò ju mílíọ̀nù kan sí méjì lọ. Bí oòrùn bá jẹ́ bàbá ẹni ọdún 46, ọmọ ọjọ́ mẹ́rin sí méje ni wọ́n. Ìkómọ kò tíì yá. Nọ́ńbà ni wọ́n fi kọ wọ́n sínú ìwé Chandra, láti 1 dé 1,616.