Ìrìn Ọ̀sán Kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọn kò fi òwe yìí bú àlejò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ohun tó wà níwájú ẹni kì í fẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Ògiri ni àlejò ń rí. Onílé ló mọ ẹni tó kọ́ ọ, ìdí tó fi kọ́ ọ, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láyé àtijọ́, bí àlejò bá wọ ìlú Yorùbá, wọn kì í jẹ́ kó máa dá rìn kiri. Ẹni tó gbà á sílé ni yóò mú un lọ kí ọba àti àwọn ìjòyè, tí yóò fi ọjà hàn án, tí yóò sì máa wí fún un bí wọ́n ti ń lọ pé ibí yìí ni ogun gbà wọlé, ibí yìí ni babańlá àwọn báyìí kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Nítorí náà, ìwòran ìlú, tí ayé òde òní sọ di òwò tí à ń sanwó fún, kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ìbéèrè tó kù ni pé: bí onílé fúnra rẹ̀ kò bá mọ ìtàn ilé rẹ̀ mọ́ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí wọ̀ mí lọ́kàn ní ọdún 2018, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti Òjòkú wá sí Èkó wá tọ́jú ojú. Òjòkú jẹ́ ìlú kékeré ní ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́, nítòsí Ọ̀fà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Bàbá ti pé ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Nígbà tí ojú rẹ̀ là dáadáa, ó ní òun kò ní í padà sílé láìtún Ìsàlẹ̀ Èkó rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti débẹ̀ rí, ní ọdún 1960, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira. Ó ní ilé kan wà tí òun kò gbàgbé láti ọjọ́ náà: ilé alájà kan, tí òkè àwọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí ó kọjú sí gbàgede ńlá kan. Abẹ́ ilé náà ni òun ti sá òòrùn nígbà tí òun ń dúró de ẹni tí yóò wá mú òun lọ sílé. Kò mọ orúkọ ilé náà, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá rí i, òun yóò mọ̀ ọ́n.

Mo háyà ọkọ̀ kan ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn òpópónà Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń dá díẹ̀, mo sì bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ìtàn ìlú náà kó wá fi wá mọ̀nà. Àwa mẹ́rin ni a wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú awakọ̀. Aago méjì ọ̀sán ni a gbéra. A gbọ́dọ̀ parí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìddó ni a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní 1960. Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin náà. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, nígbà tí yóò sì fi di ìparí 1908, ó ti gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin. Kí òǹkàwé má fojú kékeré wo èyí. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886, tó fẹ́ parí ogun Kírìjì, kò pa iná ogun tó wà láàárín Ìlọrin àti Ọ̀fà. Ogun náà ń lọ títí Ọ̀fà fi fọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì túká. Ìran tó sá fún ogun yẹn náà ló padà wá rí ọkọ̀ ojú irin nínú ahoro wọn. Fún àwa tí a wà ní àyíká Ọ̀fà, irin yẹn ló so ilé wa mọ́ etí òkun. Bàbá wo Ìddó títí, ó ní, "Ibi tí ayé ti bẹ̀rẹ̀ fún wa nìyí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ibẹ̀ a gba orí afárá Carter wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, a sì dúró níwájú Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó. Afinimọ̀nà wa sọ fún Bàbá pé oko ata Olóyè Arọmirẹ ni ilẹ̀ náà kí ó tó di ààfin, àti pé ata náà ló wà nínú orúkọ ibẹ̀ títí di òní. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Oko ata ló wá bí ọba!" Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Oko ata náà ti pòórá láti ọdún gbọọrọ. Orúkọ nìkan ló kù tó ń jẹ́rìí pé ó wà rí. Ní ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lọ, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, ọmọ rẹ̀, Dòsùmú, fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ìyẹn ti kọjá lórí ilẹ̀ ata náà.

Àkókò ìrun àlàásárì bá wa ní òpópónà Martins, ní Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, Bàbá sì wọlé lọ kírun. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí yìí. Mohammed Shitta ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ọmọ Sàró ni, ìyẹn ni pé lára àwọn tí a bí fún àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oko ẹrú, tí wọ́n sì kó lọ sí ilẹ̀ Sàró. Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, Abdul Hamid kejì, ló fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ẹni tó darí iṣẹ́ ilé náà ni João Baptista da Costa, ọ̀kan lára àwọn Àgùdà tó ti ilẹ̀ Brazil padà wálé. Ẹ wò ó: owó ọmọ Sàró, ọwọ́ Àgùdà, oyè láti Tọ́kì, gbogbo rẹ̀ pàdé sórí ilé ìjọsìn kan ní Èkó. Bí kò bá sí ẹni tó sọ ìtàn yìí, àlejò yóò kàn rí mọ́ṣáláṣí arẹwà kan ni, yóò sì kọjá lọ.

Nígbà tí a dé gbàgede Tinúbú, Bàbá ní kí ọkọ̀ dúró. Ó ti mọ ibẹ̀. Afinimọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, tó lọ di Ìyálóde ní Abẹ́òkúta, tó sì kú ní 1887. Ṣùgbọ́n Bàbá kò gbọ́. Ó ń yí orí káàkiri, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ìhín, ó ń tọ́ka sí ọ̀hún. Ó wá bèèrè pé, "Ilé ọ̀hún dà?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò mí, mo wò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ilé Fernandez ni ẹ ń sọ, tí wọ́n ń pè ní Ilọjọ Bar. Wọ́n ti wó o."

Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez, tí àwọn náà jẹ́ Àgùdà, kọ́ ilé náà. Ní 1933, ìdílé Ọláìyá rà á. Ní 1956, ìjọba kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bò. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òjòkú sá òòrùn lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí ọ̀la jẹ́ ọjọ́ Iléyá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ sílé ọdún, katakata wọ ibẹ̀. Ilé tó ti dúró fún ọdún mọ́kànlélọ́gọ́jọ di òkìtì bíríkì.

Bàbá kò bínú bí mo ti rò. Ó bèèrè ìbéèrè kan péré: "Ta ló ni í?" Mo ní ìdílé kan ló ni ín, ṣùgbọ́n òfin ní ti gbogbo wa ni. Ó ní, "Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo wa, ta ní ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe?"

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà, ìbéèrè rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn mi. Ó rọrùn láti bú ẹni tó wó ilé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gba ẹjọ́ ẹnìkejì yẹ̀ wò. Ilé tó ju àádọ́jọ ọdún lọ a máa jò, a máa sán. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní àárín Èkó sì jẹ́ owó iyebíye. Bí ìjọba bá kọ orúkọ ilé ènìyàn sínú ìwé pé kó má ṣe fọwọ́ kàn án, tí kò sì fún un ní owó àtúnṣe, ẹrù ló gbé lé e lórí láìsí òṣùká. Orúkọ nínú ìwé kì í gba òjò dúró. Síbẹ̀, ẹjọ́ àwa yòókù ló tóbi jù. Fún ọgọ́ta ọdún tí ilé náà fi wà lábẹ́ òfin, mélòó nínú àwa tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló mú ọmọ rẹ̀ dúró, tó ní, "Wo ilé yìí, àwọn tó ti oko ẹrú dé ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ"? Ilé tí a ti dákẹ́ ìtàn rẹ̀, ó ti wó kí katakata tó dé.

A gba Kakawa kọjá, níbi tí Water House ṣì dúró sí. Ilé João Ẹ̀san da Rocha ni, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ní kékeré, tó padà wálé wá di ọlọ́lá. Kànga tó gbẹ́ sínú ilé rẹ̀, tí àwọn ará ìlú ń ra omi níbẹ̀, ló fún ilé náà lórúkọ. Lẹ́yìn náà a wọ Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Wọ́n wó ẹ̀wọ̀n náà ní 1979, ṣùgbọ́n ní 2010 wọ́n sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ọgbà ìrántí, níbi tí eré àti orin ti ń wáyé, tí wọ́n sì fi àmì sí ibi tí àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà. Bàbá jókòó síbẹ̀ sinmi. Ó ní, "Èyí náà wó, ṣùgbọ́n ó rí ẹni rántí rẹ̀."

Etí ọ̀sà, ní Marina, ni a parí rẹ̀ sí, ní Kàtídírà Ìjọ Kristi. Inú rẹ̀ ni ibojì Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther wà báyìí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí. Ìtẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí nígbà tó kú ní ìparí 1891. Nígbà tí ìjọba ológun hú ìtẹ́ náà kúrò nínú àwọn ọdún 1970, wọ́n gbé egungun Crowther wá sí Kàtídírà ní 1976. Àwọn mìíràn tó sùn sí Ajẹ́lẹ̀ kò rí irú ọlá bẹ́ẹ̀ gbà. Ọmọ Òṣòógùn ni Crowther, ìlú kékeré kan tí ogun kó ní 1821. Òun ló ṣe ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jáde ní 1843, tó sì jẹ́ òpómúléró nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Mo sọ èyí fún Bàbá, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Òṣòógùn kò ju Òjòkú lọ nígbà náà, àbí?" Mo ní bóyá. Ó ní, "Ta ló ń fi ibi tí wọ́n ti mú un han ọmọdé?"

Ibi tí ìrìn ọ̀sán náà gbé mi dé nìyẹn. Mo ti rò pé èmi ni mo ń fi Èkó han Bàbá. Òun ló fi Òjòkú hàn mí. Èkó ní ìwé, ó ní àwòrán, ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé tó pariwo nígbà tí wọ́n wó ilé Fernandez. Bí ògiri alámọ̀ bá yọ́ sínú òjò ní ìlú kékeré, tí àgbà kan ṣoṣo tó mọ ìtàn rẹ̀ sì kú ní ọdún kan náà, ta ni yóò pariwo? Kò sí ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà. Koríko yóò hù bò ó, àwọn ọmọ yóò sì máa gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀.

Nígbà tí Iléyá ọdún náà kò, àwa ọmọ ilé padà sí Òjòkú. Lẹ́yìn tí a ti kírun, tí a ti pa àgbò, tí a sì ti jẹun, Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ kéékèèké tẹ̀ lé òun. Ó mú wọn rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ó fi ahoro hàn wọ́n, ó sọ orúkọ ẹni tó gbé ibẹ̀. Ó fi kànga tó ti di hàn wọ́n, ó sọ àwọn tó gbẹ́ ẹ. Ó dúró níbi pẹrẹsẹ kan tí koríko nìkan wà, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bèèrè pé, "Bàbá, ilé ọ̀hún dà?"

Bàbá ní kí gbogbo wọn jókòó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ilé náà ti rí fún wọn.