Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Pátákó Ìkéde Orí Kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, 1978 sí 1996

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé bá ń sọ ìtàn bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn yunifásítì ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀. Òótọ́ ni pé owó iléeṣẹ́ ètò ààbò ni a fi dá ARPANET sílẹ̀ ní ọdún 1969. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn aládàáni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìgbafẹ́ la ọ̀nà mìíràn láìgba owó ìjọba. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ìmọ̀ tí a kò fi pamọ́ ni ó gbé ọ̀nà náà ró, àti pé àìtọ́jú àkọsílẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́ nínú ìtàn.

Pátákó Àkọ́kọ́ ní Chicago

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1978, yìnyín ńlá bo ìlú Chicago mọ́lẹ̀. Ward Christensen, òṣìṣẹ́ IBM, kò lè jáde nílé. Ó pe Randy Suess lórí tẹlifóònù; ọmọ ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà kan náà ni àwọn méjèèjì. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn kò ju pátákó tí ẹgbẹ́ máa ń lẹ ìkéde mọ́ lọ: ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹni tí ó bá ń kọjá, kí ó kà á. Suess to ẹ̀rọ pọ̀, Christensen sì kọ ètò tí yóò máa darí rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Èrèlé ọdún náà, wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. CBBS ni wọ́n pè é. Ilé Suess ni wọ́n gbé e sí, kí owó ìpè má baà wọ́n fún ará ìgboro Chicago.

Ẹ̀rọ kan, wáyà tẹlifóònù kan, olùpè kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Módẹ́ẹ̀mù, tí ó ń sọ lẹ́tà di ohùn kí wáyà lè gbé e, kò lè fi ju nǹkan bí 30 lẹ́tà ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ fèsì ní láti dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìjíròrò kan fi lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ìmọ̀ tí A Kò Fi Pamọ́

Ariwo orí wáyà tẹlifóònù máa ń ba iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ jẹ́. Ní ọdún 1977, Christensen ti wá ojútùú sí èyí pẹ̀lú ìlànà tí a wá mọ̀ sí XMODEM. A ó gé iṣẹ́ náà sí báìtì 128, báìtì 128. Olùfiránṣẹ́ yóò ṣírò àpapọ̀ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Olùgbà náà yóò ṣírò tirẹ̀, bí ẹni tí ó ń tún owó kà lójú ẹni tí ó san án. Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, yóò ní kí a tún un fi ránṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni Christensen fi ìlànà yìí sílẹ̀ fún aráyé.

Bákan náà, nínú ìwé ìròyìn Byte ti oṣù Bélú ọdún 1978, àwọn méjèèjì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gbé CBBS kalẹ̀, kí ẹni tí ó bá wù lè ṣe irú rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni RBBS-PC dé, ètò tí a kọ ní èdè BASIC. Ẹnikẹ́ni lè ka bí a ṣe kọ ọ́, kí ó sì tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó sì tún un ṣe lóòótọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Àwọn ètò tí a ń tà, bí PCBoard àti Wildcat!, náà wà.

Láti Pátákó sí Ìsokọ́ra

Pátákó tí ó dá dúró kò lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ti ìlú mìíràn. Ní ọdún 1984, Tom Jennings ní San Francisco wá ọ̀nà àbáyọ, ó pè é ní FidoNet. Ní òru, nígbà tí owó ìpè bá dínkù, pátákó yóò dá àwọn olùpè dúró fún wákàtí kan, yóò sì máa pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti pàrọ̀ létà. Bẹ́ẹ̀ ni létà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí tí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1990, pátákó tí ó lé ní 30,000 ni ó wà nínú FidoNet. Nítorí pé ìlànà yìí fara da tẹlifóònù tí kò dára, GreenNet ní Lọ́ńdọ̀nù lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún náà láti gbé létà àwọn àjọ aládàáni ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìparẹ́ àti Àkọsílẹ̀

Nígbà tí ètò Mosaic jáde ní ọdún 1993, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé, olùpè dínkù. Nígbà tí ọdún 1996 yóò fi parí, ọ̀pọ̀ pátákó ti kógbá sílé. Àpò ara rẹ̀ ni olùtọ́jú pátákó fi ń san owó tẹlifóònù. Inú ẹ̀rọ ilé rẹ̀ náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ tí ó bá pa ẹ̀rọ, ìjíròrò ọ̀pọ̀ ọdún bá a lọ. ARPANET ní ìwé àdéhùn àti ìròyìn iṣẹ́ nínú àpótí ìjọba. Pátákó kò ní. Èyí ni ó jẹ́ kí ìtàn ti ìjọba borí. Jason Scott ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tí ó ṣẹ́ kù jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1998. Ní ọdún 2005, ó gbé fíìmù jáde nínú èyí tí àwọn olùtọ́jú pátákó fi ẹnu ara wọn sọ ìtàn wọn.

Ìkádìí

Suess kú ní ọdún 2019, Christensen sì kú ní ọdún 2024. Ohùn wọn wà nílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan bi wọ́n léèrè ní àkókò. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ìtàn ìmọ̀ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dúró lórí ìwé ìjọba nìkan. Ó yẹ kí ó wá àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà lọ nígbà tí wọ́n ṣì lè fèsì.