Ọ̀nà Kan Ló Wọjà: Ìtàn Ìwé Àṣẹ àti Géètì ní Abúlé Palẹ́sítínì

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gbọ́ orúkọ Palẹ́sítínì àfi tí bọ́ǹbù bá ń dún. Tí bọ́ǹbù bá ti dákẹ́, ìròyìn náà á dákẹ́, àwa náà á sì kọjú síbòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ni àwọn ará abúlé ibẹ̀ lára lójoojúmọ́ kì í pariwo. Ìwé ni. Géètì ni. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sáàárín títì ni. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, torí wọn ò bá ayé wá. Ọwọ́ èèyàn ló tò wọ́n, ọ̀kan lórí ìkejì.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1967, Ísírẹ́lì bá Íjíbítì, Jọ́dánì àti Síríà jà fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí ogun fi máa parí, Gaza àti ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì, tí ayé mọ̀ sí West Bank, ti bọ́ sábẹ́ àwọn sójà Ísírẹ́lì. Ohun tó lè ya yín lẹ́nu ni pé ìrìnnà ò le tó báyìí nígbà náà. Láti 1972, àṣẹ kan ṣoṣo ló kárí ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n lè wọ Ísírẹ́lì lójú ọ̀sán, kí wọ́n ṣiṣẹ́ tàbí kí wọ́n kí ará, kí wọ́n sì padà sílé lálẹ́. Èèyàn lè ti Gaza lọ sí West Bank láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 1991, nígbà ogun Gulf, wọ́n fagi lé àṣẹ yẹn. Oníkálùkù gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1993, lẹ́yìn tí àwọn ará Palẹ́sítínì kan pa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì mélòó kan, wọ́n ti ọ̀nà. Títì yẹn ò sì tíì ṣí tán títí dòní.

Software ni mò ń kọ jẹun, ìyẹn ló jẹ́ kí ọdún 1991 yẹn máa dà mí láàmú. Oríṣi ọ̀nà méjì la máa ń gbà fún èèyàn láyè wọ ibì kan lórí kọ̀ǹpútà. Nínú èkíní, gbogbo èèyàn ló lè wọlé, àfi ẹni tá a bá dárúkọ pé kó má wọlé. Nínú èkejì, ẹnikẹ́ni ò lè wọlé, àfi ẹni tá a bá dárúkọ. Lójú ẹni tó ń kọ ọ́, ìlà kan ló yí padà. Lójú ẹni tó ń lò ó, ìrìn tó jẹ́ nǹkan tirẹ̀ lánàá ti di ojú rere ẹlòmíràn lónìí.

Ní 1995, àdéhùn Oslo kejì pín West Bank sí A, B àti C. C yìí, tó tó nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ilẹ̀ náà, wà lábẹ́ Ísírẹ́lì pátápátá. Fún ọdún díẹ̀ ni wọ́n ní ìpín náà máa wà. Òun náà la ṣì ń lò. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé lè wà nínú B, kí oko wà nínú C. Bàbá tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí kó kọ́ yàrá kan sínú oko bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àṣẹ lọ́dọ̀ sójà, wọn kì í sì í sábà fún un.

Ìjà ńlá kejì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2000. A ò gbọdọ̀ fo ibí yìí. Àwọn ọmọ Palẹ́sítínì kan ń so bọ́ǹbù mọ́ra wọ inú bọ́ọ̀sì àti ilé oúnjẹ. Ní Netanya, lóṣù kẹta ọdún 2002, èèyàn 30 ló kú nínú òtẹ́ẹ̀lì kan níbi tí wọ́n ti fẹ́ jẹ oúnjẹ Ìrékọjá. Ọdún yẹn gan-an ni Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri, ó ní kí àwọn apààyàn má lè wọlé mọ́ ni.

Àwọn àgbà wa ní oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà. Ẹni tó fẹ́ mọ ògiri sí ààlà ilẹ̀ rẹ̀, ta ló máa bá a jà? Ọ̀rọ̀ wà níbi tí ògiri náà gbà. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un gùn tó nǹkan bí 710 kìlómítà, ó ju ìlọ́po méjì ààlà ọdún 1949 lọ. Nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 rẹ̀ ló gba inú West Bank fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2004, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní Hague sọ pé kíkọ́ tí wọ́n kọ́ ọ sórí ilẹ̀ yẹn lòdì sófin.

Ẹ wo Jayyous, abúlé àgbẹ̀ kan nítòsí Qalqilya. Nígbà tí wáyà débẹ̀, ilé wà lápá kan, èyí tó pọ̀ jù nínú oko àti àwọn kànga sì wà lápá kejì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, wọ́n kéde pé ilẹ̀ àárín ògiri àti ààlà àtijọ́ ti di ti ológun. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ dé oko rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàwé. Ìwé náà máa ń kú, á sì tún lọ tọrọ òmíràn. Tó bá tiẹ̀ ní ìwé, ó di dandan kó dúró de sójà tó ń ṣí géètì. Géètì mìíràn ń ṣí fún ìgbà díẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Òmíràn ò ṣí rárá àfi lásìkò ìkórè ólífì. Nígbà tó yá, wọ́n tún ka iye ìgbà tí àgbẹ̀ lè wọ oko lọ́dún sílẹ̀ fún un.

Igi ólífì ò mọ ìwé. Oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá la ń ká a, ṣùgbọ́n gbogbo ọdún ló ń fẹ́ ìtọ́jú: kí wọ́n túlẹ̀, kí wọ́n gé ẹ̀ka, kí wọ́n ro koríko kí iná má baà jó o. Tòmátò àti kùkúńbà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fẹ́ omi. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi fi ewébẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n gbájú mọ́ ohun tó lè dá wà láìsí olówó rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù Hamas ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2023, tó pa nǹkan bí 1,200 èèyàn, ọ̀pọ̀ géètì oko kò ṣí mọ́. Ólífì jábọ́ sílẹ̀, àwọn olówó rẹ̀ ń wò ó láti òdìkejì wáyà. Ó lé ní 100,000 òṣìṣẹ́ tó pàdánù ìwé tí wọ́n fi ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ísírẹ́lì.

Nabi Samwil ló yé mi jù, ó sì rú mi lójú jù. Àwọn baba ńlá ní ibẹ̀ ni sàréè wòlíì Sámúẹ́lì wà, Sámúẹ́lì tí ẹ mọ̀ nínú Bíbélì yẹn náà. Ní 1971, wọ́n wó ilé àwọn ará abúlé tó yí mọ́sálásí ká, àwọn tó kù sì kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ní 1995, wọ́n sọ ilẹ̀ náà di ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba, kíkọ́ ilé sì di èèwọ̀. Nígbà tí ògiri dé, ó fi abúlé náà sápá Jerúsálẹ́mù, ṣùgbọ́n káàdì West Bank ló wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Kò sí wáyà láàárín àwọn àti Jerúsálẹ́mù, síbẹ̀ tí wọ́n bá wọ ibẹ̀ láìní ìwé, arúfin ni wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ kejì sì rèé, ṣẹ́kípọ́ìntì al-Jib ló wà láàárín wọn àti ará wọn ní West Bank. Àlejò tó fẹ́ wá síbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ọmọ obìnrin tó bá fẹ́ ọkọ sí ìta ò lè sọ lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ sáré wá wo ìyá òun.

Àwa máa ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọjà. Ní Qalqilya, lẹ́yìn tí ògiri yí ìlú ká ní 2003, ọ̀nà kan náà ló wọjà fún ìgbà kan, sójà ló sì ń ṣọ́ ọ. Ọjà tó ń kọjá ṣẹ́kípọ́ìntì ńlá máa ń ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Ẹni tó ra tòmátò ló ń san owó ìdádúró yẹn. Láàárín 2000 sí 2005, ó lé ní 60 obìnrin tó bímọ sí ṣẹ́kípọ́ìntì, àwọn ọmọ mìíràn ò sì yè é.

Àwọn èèyàn náà ò kàn jókòó lásán. Kí wọ́n tó jáde láàárọ̀, wọ́n á wo WhatsApp àti Telegram, níbi tí awakọ̀ ti ń sọ géètì tó ṣí àti èyí tó tì. Ẹ sì rántí pé oṣù kìíní ọdún 2018 ni 3G tó dé sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn ní West Bank, torí Ísírẹ́lì ló ń fọwọ́ sí i. Ní Bil'in, láti 2005, wọ́n ń wọ́de lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga Ísírẹ́lì dá wọn láre ní 2007 pé kí wọ́n yí ojú ògiri padà. Ọdún 2011 ni wọ́n tó sún un. Apá kan ilẹ̀ wọn padà sọ́wọ́ wọn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ọ́fíìsì OCHA ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka ìdènà 849 sórí ọ̀nà West Bank. Nọ́ńbà yẹn ò sọ ohun tó ń dunni jù. Ohun tí géètì ń gbà lọ́wọ́ èèyàn jù ni àdéhùn. Ẹ ò lè sọ fún dókítà pé ẹ ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá, ẹ ò lè sọ fún ọmọ yín pé ẹ máa ti délé kó tó sùn. Kò sí abúlé tó lè gbèrú níbi tí wọ́n ò ti lè sọ pé "ó dọ̀la" kó dá wọn lójú.