Àwọn Tó Ń Lò Ó Ló Kọ Òfin Rẹ̀

Bí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ wa pé ta ló ń ṣòfin fún operating system, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń tà á la máa dá. Kò yani lẹ́nu, torí orúkọ wọn ló wà lára páálí. Ṣùgbọ́n tí a bá tú ìtàn rẹ̀ wò dáadáa, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ la ó bá nídìí púpọ̀ nínú àwọn òfin tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Kì í ṣe owó ló gbé wọn débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oyè. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò fẹ́ ṣe ni wọ́n ṣe. Ní 1955, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń retí ẹ̀rọ IBM 704, tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ní agbègbè Los Angeles, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní SHARE. Abánidíje ni wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n ìyà kan náà ló ń jẹ wọ́n: IBM á gbé ẹ̀rọ wá, ẹni tó gbà á ni yóò sì forí kó kíkọ èyí tó pọ̀ jù nínú ètò tó máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kí kálukú má baà máa kọ ohun kan náà ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ètò fún ara wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ General Motors àti North American Aviation kọ ètò kan tó ń mú iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn lórí 704 láìjẹ́ pé ènìyàn ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló kà á sí operating system àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ gidi. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kìíní ń ṣe, èkejì ń ṣe bàálù. Kò sí èyí tó ń ta kọ̀ǹpútà nínú wọn.

Ìtàn Unix, tí òun náà jẹ́ operating system, ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Ní 1956, ẹjọ́ kan tí ìjọba Amẹ́ríkà pe AT&T parí sí àdéhùn pé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù náà kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ òwò mìíràn. Nítorí náà, nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, ilé ìwádìí AT&T, ní 1969, ohun tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe ohun tí ọ̀gá wọn lè gbé lọ sọ́jà bí ọjà. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú Communications of the ACM ní oṣù keje 1974, àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un. AT&T fún wọn, pẹ̀lú kóòdù rẹ̀ látòkèdélẹ̀, ní owó táṣẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àdéhùn tí wọ́n bá yunifásítì ṣe le: kò sí ìdánilójú, kò sí àtúnṣe, kò sí ẹni tí ẹ máa pè bó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́ kò ní olùrànlọ́wọ́ ju ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ lọ. Kí ìwé náà tiẹ̀ tó jáde làwọn kan ti ń pàdé ní yunifásítì Columbia, ní New York, ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Ní 1975, Mel Ferentz ní Brooklyn College bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kékeré kan fún wọn, UNIX News, tí wọ́n fi ń sọ àṣìṣe tí wọ́n rí fún ara wọn, tí wọ́n sì fi ń kéde àtúnṣe rẹ̀. Àwọn lọ́yà AT&T ló wá rán wọn létí pé ẹni tó ni orúkọ Unix ṣì wà láyé. Ní 1977 wọ́n sọ ìwé ìròyìn náà di ;login:, ẹgbẹ́ náà sì di USENIX. Ká sọ tòótọ́, àwọn lọ́yà wọ̀nyẹn ló sọ àpéjọ ọ̀rẹ́ di ẹgbẹ́ tó ní orúkọ tirẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Sydney, ní Ọsirélíà. John Lions, olùkọ́ ní University of New South Wales, tẹ gbogbo ọkàn Unix ẹ̀dà kẹfà sínú ìwé, ó sì fi àlàyé rẹ̀ sínú ìwé kejì, ìlà dé ìlà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè rí bí ètò gidi ṣe rí. Ọdún 1977 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. AT&T fi ààlà sí ẹni tó lè ní i, ni fọ́tòkọ́pì bá gba iṣẹ́ náà ṣe: ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà, títí lẹ́tà fi ń parẹ́ lójú ìwé. Ìgbà tó di 1996 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní gbangba. Kí ó tó di ìgbà yẹn, láísẹ́ǹsì ẹ̀dà keje, tó jáde ní 1979, ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi kóòdù náà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, èyí tó mú kí Andrew Tanenbaum ní Amsterdam jókòó kọ tirẹ̀, MINIX, tó jáde ní 1987. Bí olówó ẹ̀rọ ṣe ń ti ilẹ̀kùn kan, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń lò ó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ṣùgbọ́n pínpín àtúnṣe láàárín ara ẹni kò tíì di òfin. Ó tiẹ̀ dá wàhálà tuntun sílẹ̀, nítorí bí kálukú ṣe ń tún Unix tirẹ̀ ṣe ni Unix ń pọ̀ sí i. Yunifásítì Berkeley ní tirẹ̀, AT&T náà ní tirẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí ìpínyà ilé-iṣẹ́ náà ní 1984 ti tú u sílẹ̀ láti máa ta kọ̀ǹpútà. Ètò tí wọ́n kọ sórí ọ̀kan á kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí èkejì. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ /usr/group, tó bẹ̀rẹ̀ ní Kalifóníà, ló yan ìgbìmọ̀ ní 1981 láti kọ ohun tí gbogbo Unix gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1984. Kò ní agbára òfin kankan lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó wà ní kíkọ, ohun tó wà ní kíkọ sì ṣòroó fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Apá kan rẹ̀ di ìpìlẹ̀ àkójọ iṣẹ́ inú èdè C, IEEE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà, sì gba ìyókù. Òun ló di POSIX ní 1988. Richard Stallman, olùdásílẹ̀ GNU, tí kò fẹ́ràn ìgbìmọ̀ púpọ̀, ló fún un lórúkọ.

Bí wọ́n ṣe ń dìbò ní IEEE ni mo fẹ́ kí a tẹjú mọ́, torí ibẹ̀ ni ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn ti ń ríbi dúró sí. Orúkọ ara ẹni ni oníkálukú fi ń dìbò nínú ìgbìmọ̀ POSIX. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò gbọ́dọ̀ wá, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó wá sì gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó bá kọ̀ ní láti sọ ohun tí wọ́n lè yí padà tí yóò fi gbà, ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré kan: kí ni àṣẹ df àti du yóò fi ka àyè inú díìsìkì? Àṣà àtijọ́, tí System V, Unix ti AT&T, dì mú, ni báìtì 512 sí búlọ́ọ̀kù kan. Berkeley ń lo 1024. Nígbà tí POSIX fi máa gbé òfin àwọn àṣẹ jáde ní 1992, 512 ló borí, wọ́n sì fi -k kún un fún ẹni tó bá fẹ́ 1024. Stallman rí i pé kò sí ènìyàn tó ń ronú pẹ̀lú 512. Ó jẹ́ kí àwọn ètò GNU máa ka 1024, àyàfi tí ẹni tó ń lò ó bá fúnra rẹ̀ ní kí ó tẹ̀ lé òfin. Orúkọ tó kọ́kọ́ fún ìyípadà yẹn ni POSIX_ME_HARDER, èébú gidi, kí wọ́n tó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ di POSIXLY_CORRECT. Títí dòní, lórí Linux, 1024 ni df ń kà. Òfin wà, ìwà àwọn ènìyàn náà wà, àwọn méjèèjì sì ń gbélé kan náà.

Ẹnìkan lè sọ pé ìtàn àtẹnudẹ́nu lásán ni ti ẹgbẹ́ àwọn tó ń lò ó, pé àwọn olówó ló pàṣẹ. Àríyànjiyàn yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ márùn-ún ní Yúróòpù, Bull, ICL, Siemens, Olivetti àti Nixdorf, dá X/Open sílẹ̀ ní 1984. Ní 1988, IBM, DEC, HP àtàwọn mìíràn kó ara wọn jọ sínú OSF, torí ẹ̀rù ohun tí AT&T àti Sun ń gbèrò ń bà wọ́n; àwọn yẹn náà dá Unix International sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi orúkọ ara wọn dìbò ní IEEE, ilé-iṣẹ́ ló ń san owó oṣù wọn àti owó ọkọ̀ wọn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù. Unix International tú ká, OSF dara pọ̀ mọ́ X/Open ní 1996 láti di The Open Group, POSIX sì wà síbẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń ra ẹ̀rọ ju ẹnikẹ́ni lọ, ti sọ POSIX di ohun tí òun yóò fi máa yan ọjà. Kódà Microsoft gbé apá POSIX sínú Windows NT ní 1993. Ẹni tó ń rà lòun náà ń lò. USENIX ní tirẹ̀ yan àwọn ènìyàn tó ń lọ jókòó sí ìpàdé àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí, tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n gbọ́ síta fún àwọn tí kò lè wá. Ojú àwọn aṣọ́nà yẹn jẹ́ kí ó nira láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí kọ̀rọ̀.

Àríyànjiyàn kejì ló dùn mí jù, torí pé òótọ́ ni: ìwé òfin náà jẹ́ ọjà títà. Ní oṣù keje 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Helsinki, Linus Torvalds, béèrè ní gbangba níbi tí òun ti lè rí òfin POSIX. Kò rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé ìlò ẹ̀rọ Sun tó wà ní yunifásítì ló fi kọ́ ohun tí ètò rẹ̀, Linux, yóò máa ṣe. Òfin tí a ní gbogbo ayé ló ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò lè kà, kò pé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òfin náà ló kọ́kọ́ wá kiri. Linux ò bá má rí bó ṣe rí bí kò bá sí àwòrán ilé tí àwọn mìíràn ti yà ṣáájú. Ilẹ̀kùn náà sì ṣí nígbẹ̀yìn. Ní oṣù kẹsàn-án 1998, IEEE, The Open Group àti àjọ ISO pàdé ní ọ́fíìsì IBM ní Austin, Texas, wọ́n gbà láti máa kọ ìwé kan ṣoṣo. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 2001, ẹ̀dà tuntun ní 2024, a sì lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ Austin Group láìsan owó ẹgbẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ wọlé kò yí padà púpọ̀ sí ti àtijọ́: kọ nọ́ńbà ojú ìwé, kọ nọ́ńbà ìlà, sọ ohun tó ṣàṣìṣe níbẹ̀, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ní “kò dára” nìkan lẹ́nu kò ní rí ẹni dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ. POSIX ló ṣètò ohun tí wọ́n ń pè ní locale: fáìlì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí èdè kan ṣe ń to lẹ́tà, ohun tó ń pe ọjọ́ àti oṣù, bí ó ṣe ń kọ owó. Bí kò bá sí ẹni tó sọ fún ẹ̀rọ pé gb tẹ̀ lé g, pé ọ tẹ̀ lé o, yóò to ìwé atúmọ̀ èdè wa bí ẹni ń to ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, èdè Vietnam ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n fi ẹ àti ọ sí ibi tí a ti ń lò wọ́n, kì í ṣe tiwa. Lẹ́tà Vietnam tó ní àmì méjì lórí ara wọn ní nọ́ńbà tiwọn. Ọ́ àti ẹ̀ wa kò ní, ìlànà tó sì wà nílẹ̀ báyìí kò gba irú rẹ̀ wọlé mọ́. Ti locale ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́. Fáìlì yo_NG wà nínú glibc, tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò. CLDR, tí ọ̀pọ̀ fóònù ń lò, ní yo, ó sì ní yo_BJ fún àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí a ti ń kọ ẹ àti ọ. Ẹni tó bá rí orúkọ oṣù tí wọ́n ṣì kọ nínú wọn kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni: kí ó tọ́ka sí ìlà náà, kí ó kọ èyí tó tọ́, kí ó fi ìwé tó jẹ́rìí sí i lélẹ̀, kí ó sì wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè.