Bí A Kò Bá Ṣàìsàn Ńkọ́? Ìtàn Owó Ìlera Láàárín Àwa Ọlọ́jà

  

Ní ìpàdé wa kan, nígbà tí ìgbìmọ̀ mú ọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera wá, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí inṣọ́ránsì ọsibítù, ìyá kan láàárín àwa alátà dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá san owó yìí, tí orí mi kò jẹ́ n ṣàìsàn títí ọdún fi yípo, ta ni yóò dá owó mi padà fún mi?" Ariwo ta, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni tó ń tajà ní Mile 12 mọ iyì náírà kan. Bí tòmátì bá dé láti Òkè Ọya tó ti rọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, èrè ọjọ́ mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí owó òun ń rà. Ìdí nìyí tí a fi ní ká tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí olúkálùkù lè rò ó dáadáa kó tó dìbò ní ìpàdé gbogbogbòò.

Bíbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Àwọn ìyá wa tó ṣáájú náà béèrè. Lọ́dún 1940, ìjọba òyìnbó ní kí obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ju 50 pọ́ùn lọ lọ́dún máa san owó orí. Ìyá Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó nígbà náà, kó àwọn obìnrin jáde, wọ́n lọ bá aláṣẹ ìjọba. Ìjọba gbé e kúrò ní 50 pọ́ùn, ó di 200. Nítorí náà, ẹni tó ní "kí lẹ fẹ́ fi owó mi ṣe?" kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Àpò méjì tí a ní

Kí òyìnbó tó dé ni a ti ń dá èésú. Alájọ náà ti wà tipẹ́tipẹ́ tó ń gba owó kiri ìsọ̀. Lọ́dún 1935 ni ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ni kọ́pùrétíìfù bíi tiwa ti ṣẹ̀ wá. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ohun tí èèyàn bá dá ni yóò kó. Bí o bá dá ₦500 lójúmọ́ fún odindi oṣù, o mọ iye tí alájọ yóò kà fún ọ, kó yọ ti ọjọ́ kan tirẹ̀. Eléyìí ti wọ̀ wá lára débi pé bí a bá ti gbọ́ "ẹ máa dáwó," ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí wa lọ́kàn ni "ìgbà wo ni n ó kó o?"

Ṣùgbọ́n àpò kejì wà lọ́dọ̀ wa, ìyẹn owó ìrànlọ́wọ́. Bí òkú bá ṣẹ ọmọ ẹgbẹ́, bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, inú rẹ̀ la ti ń mú. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe lọ́dún náà kò wá sọ́dọ̀ akápò pé kí wọ́n ka owó òun fún òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì san ti oṣù tó ń bọ̀. Bákan náà ni àwọn ọdẹ tí à ń sanwó fún láti ṣọ́ ọjà lóru. Bí olè kò bá wá títí ọdún fi parí, ṣé a ó ní kí wọ́n dá owó wa padà? Àpò kejì yìí ni inṣọ́ránsì ìlera jọ. Bí a bá fi ojú àjọ wò ó, àdánù ni yóò máa jẹ́ lójú wa títí láé.

Nígbà tí ìjọba ń sanwó

Ìgbà kan wà tí a kò ronú nípa rẹ̀ rárá. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Èkó, láti 1979 títí di òpin 1983, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà lára ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé kalẹ̀. Àwọn àgbà wa tó bímọ nígbà náà ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, sójà gbàjọba. Nígbà tó di 1986 tí ètò SAP dé, náírà já, oògùn wọ́n bí ojú, owó ọsibítù ń gun òkè. Láti ìgbà náà ni "ẹ lọ mú owó wá ná" ti di ìkíni àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Títí dòní, nínú gbogbo owó tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, èyí tó ń jáde látinú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ju ìdajì lọ dáadáa.

Àwọn ìlú mìíràn ti rí èyí tipẹ́. Ní Jámánì, ọdún 1883 ni Bismarck ṣe òfin pé kí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ jọ máa dáwó sápò ìlera kan. Níbí, Dókítà Moses Majẹ́kódùnmí tó jẹ́ mínísítà ìlera gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún 1962, ṣùgbọ́n kò kẹ́sẹ járí. Ó di 1999 kí òfin tó jáde, ó tún di June 2005 kí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó ṣí ètò NHIS. Ta ló sì kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Ìjọba tó gbà wọ́n síṣẹ́ ń dáwó fún wọn. Àwa tí a kò ní ọ̀gá, tó jẹ́ pé ìsọ̀ wa ni ọ̀gá wa, ìta la wà tí à ń wò.

Ó dé àdúgbò wa

Lọ́dún 2007, Hygeia àti PharmAccess, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti orílẹ̀-èdè Netherlands, bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn obìnrin ọlọ́jà ní Èkó àti fún àwọn àgbẹ̀ ní Shonga ní ìpínlẹ̀ Kwara. Owó díẹ̀ ni ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ń san, owó ìrànwọ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀. Nígbà tó di July 2008, ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alájọdá ti Ikosi-Isheri níbí, ní Kosofe tiwa, tí àwọn ará Olowora ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹbí ń dá tiwọn, ìjọba ń kún un. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Àwọn olùwádìí fi àdúgbò tó wà nínú ètò ti Kwara wé àdúgbò tí kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń lọ sí ọsibítù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó tó sì ń jáde lápò wọn fún ìtọ́jú dín sí nǹkan bí ìdajì. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014, láàárín àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ńbà òkè tí wọ́n máa ń kà fún wa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 10 níbi tí ètò wà. Níbi tí kò sí, nǹkan bíi 5 péré ló fi sọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ẹni tí kò bẹ̀rù owó máa ń tètè lọ, ó sì máa ń padà lọ gba oògùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ apá kejì náà. Irú àwọn ètò wọ̀nyí máa ń gbé ara lé owó ìrànwọ́, bí ìyẹn bá sì dín kù, ilé a máa mì. Ọ̀pọ̀ náà ló ń san ti ọdún kan, tí wọn kò bá ṣàìsàn, wọn kì í san ti èkejì. Bó bá wá ku kìkì àwọn aláìsàn nínú àpò, kíá ni àpò náà á gbẹ. Bí gbogbo wa bá fẹ́ kó, ta ni yóò dá?

Ìlera Èkó

Lọ́dún 2015 ni òfin ètò ìlera ìpínlẹ̀ Èkó jáde, òun ló bí àjọ LASHMA. Ní December 2018, Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé ṣí ètò náà, èyí tí a wá mọ̀ sí Ìlera Èkó. Iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni ₦8,500 lọ́dún fún ẹnì kan, tàbí ₦40,000 fún ẹbí ẹni mẹ́fà: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé 18. Ní May 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ní July 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí àṣẹ tó mú un wọ Èkó. Dandan wà nínú ìwé, àmọ́ kò tíì sí ẹni tó wá sí ìsọ̀ wa láti bi wá léèrè káàdì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ṣe ń ṣírò ọjà. ₦8,500 lọ́dún, nǹkan bíi ₦165 ni lọ́sẹ̀. ₦40,000 fún ẹbí, nǹkan bíi ₦770 ni lọ́sẹ̀. Bí ẹni mẹ́rin bá wà nílé tí wọ́n sì san án lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦34,000 ni, ó dínwó ju ti ẹbí lọ. Bó bá jẹ́ márùn-ún, ₦42,500 ni, ti ẹbí wá dára jù. Ọmọ tó ti pé 18 kò sí nínú ti ẹbí, tirẹ̀ á dá wà. Iye owó ti gòkè lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ béèrè ti òní lọ́wọ́ aṣojú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò náà nìyẹn.

Ohun tí ojú wa rí

Ọ̀kan nínú àwa oníṣu ṣubú lulẹ̀ nídìí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kò sì mọ̀ pé òun ní in, nítorí kò lọ yẹ ara rẹ̀ wò rí. Àgbo àti oògùn ẹ̀fọ́rí ló ń lò. Ọsibítù tí a gbé e dé ní kí a mú owó wá kí wọ́n tó fi ọwọ́ kàn án. A sáré, a tú àpò ìrànlọ́wọ́ dànù, ọkọ rẹ̀ ta ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù, owó tí ó yá lọ́dọ̀ wa láti fi ra ọjà náà bá a lọ. Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń já odindi ọkọ̀ iṣu tẹ́lẹ̀, omi inú ọ̀rá ló ń tà báyìí níwájú ilé. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga fi ọdún kan jókòó sílé. Gbèsè yẹn, gbogbo wa la jọ rù ú.

Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ní káàdì. Ó dé ibi ìtọ́jú, wọ́n ní oògùn ti tán, kó lọ rà á níta. Inú bí i, ó ní òun kò san mọ́. A kò lè bá a wí. Káàdì tí kò sí oògùn lẹ́yìn rẹ̀, páálí lásán ni.

Nítorí náà, kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun mẹ́rin. Ibo ni ọsibítù tó gba káàdì náà, ṣé a lè dé ibẹ̀ lóru láti Ketu tàbí Ikosi? Àwọn àìsàn wo ló wà nínú rẹ̀, àwọn wo ni kò sí? Nítorí àwọn ìtọ́jú ńláńlá kan wà tí kì í gbé. Ìgbà wo ni káàdì yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn tí a bá sanwó? Ta ni a ó fẹjọ́ sùn bí wọ́n bá ní oògùn tán? Ẹ lọ bi ẹni tó ti ń lo ibẹ̀, ẹ má fi ti ẹni tó ń ta káàdì nìkan ṣe.

Ibi tí a dé

Lójú ìgbìmọ̀, ìyá tó ní ọmọ kéékèèké, aboyún, àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ rò ó pẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le náà, a bẹ̀ ẹ́ kó wọlé, nítorí owó rẹ̀ ló ń mú àpò dúró. Oníṣu wa náà le koko títí di àárọ̀ ọjọ́ tó ṣubú.

Àbá wa ni pé kí akápò máa gba owó náà díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ pẹ̀lú owó ìfipamọ́, kó má baà ni wá lára lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni méjì láàárín wa sì máa gbọ́ ẹjọ́ oògùn tó bá tán. A kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Ìpàdé gbogbogbòò ni yóò dìbò.

Ìyá wa alátà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè yín nìyí: bí ẹ kò bá ṣàìsàn, owó yín kò ní padà. Yóò ti gbé ẹlòmíràn dìde. Ní ọdún tó bá kan yín, tí a kò gbàdúrà rẹ̀, ti àwọn ẹlòmíràn ni yóò gbé ẹ̀yin náà dìde.

Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́. Ọjà á tà o.