Ìtàn Họ́kì àti Bí A Ti Ń Gbá A

Nínú ìwé ọdọọdún wa yìí, ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, ti omi ẹ̀rọ, ti ilé ìwòsàn àti ti oyè ni a máa ń kà jù. A kò sọ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn eré àwọn ọmọ wa pẹ̀lú jẹ́ ọ̀ràn ìlú, nítorí pé ọmọ tí a kò bá fún ní eré tí ó dára yóò wá èyí tí kò dára fún ara rẹ̀. Eré kan ni a fẹ́ fi hàn yín, họ́kì ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ náà rí tí kò mọ̀ ju orúkọ lọ. Nítorí náà a ó kọ́kọ́ sọ ibi tí ó ti wá, a ó sọ bí a ti ń gbá a, lẹ́yìn náà a ó sọ ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù láyé. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní ibi tí a ń pè ní Beni Hasan, àwòrán kan wà lára ògiri ibojì àtijọ́, tí ó ti tó nǹkan bí 4,000 ọdún. Ọkùnrin méjì ni ó dojú kọ ara wọn níbẹ̀, olúkúlùkù di ọ̀pá kíká mú, ohun róbótó kan sì wà láàárín wọn nílẹ̀. Ní ilẹ̀ Etiópíà pẹ̀lú, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní genna, tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Kérésìmesì. Ọ̀pá kíká àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí fi hàn pé ilẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe àlejò nínú fífi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù.

Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni pé wọ́n fún eré náà ní òfin tí a kọ sílẹ̀. Ní àárín ọdún 1870 sí 1880, àwọn ọkùnrin Teddington, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń gbá kírìkẹ́ẹ̀tì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wá eré tí wọn yóò máa ṣe ní ìgbà òtútù, họ́kì ni wọ́n sì mú. Ní ọdún 1886 ni a dá ẹgbẹ́ tí yóò máa ṣe àkóso rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn obìnrin kò sì jókòó sílé: ní ọdún 1895 àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní ọdún 1908 ni họ́kì wọ inú ìdíje Olímpíìkì fún ìgbà kìíní. Ní ọdún 1924 ni a sì dá ẹgbẹ́ họ́kì gbogbo àgbáyé sílẹ̀ ní ìlú Párísì.

Ọdún 1924 yìí kò ṣàjèjì sí ìtàn Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún náà gan-an ni a kó ilẹ̀kùn ààfin Ògógà lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù fún àfihàn ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe nípa àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, ó sì fi bí Ọba ti gba òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ní àlejò hàn lára rẹ̀. Òyìnbó fẹ́ràn ilẹ̀kùn náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi àga ọba ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ó sì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.

Ní Wembley kan náà, ní pápá ńlá tí a kọ́ nítorí àfihàn yẹn, ni ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1948. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ọdún 1947, pàdé àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú àṣekágbá họ́kì Olímpíìkì. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé eré náà dé Íńdíà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ wọn. Góòlù mẹ́rin sí òdo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi lu olùkọ́ wọn. Kì í ṣe àṣèèṣì: láti ọdún 1928 títí di 1956, ìgbà mẹ́fà léraléra ni Íńdíà gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ ṣe lè ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, bí ó bá ní sùúrù láti kọ́ ọ dáradára.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí a ti ń gbá a. Ẹgbẹ́ méjì ni ó máa ń pàdé, ènìyàn mọ́kànlá sì ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí aṣọ́lé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Pápá náà gùn ní mítà 91.4, ó sì fẹ̀ ní mítà 55. Ilé góòlù fẹ̀ ní mítà 3.66, ó sì ga ní mítà 2.14. Níwájú ilé góòlù kọ̀ọ̀kan ni a fa ìlà kan tí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tí ó jìnnà sí góòlù ní mítà 14.63. Ìlà ọrun yìí ni ọkàn eré náà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn ìlà, tí ó sì wọ inú àwọ̀n lọ láìjẹ́ pé ọ̀pá ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn án nínú ìlà, góòlù kò sí. Kò sí ẹni tí ó lè dúró ní òkèèrè kí ó fi agbára ṣẹ́gun. Àfi kí gbogbo wọn jùmọ̀ gbé bọ́ọ̀lù náà wọlé.

Ọ̀pá tí a fi ń gbá a kò gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 105 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 737 lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sókè bí ìkọ́ tí a fi ń ká ọsàn. Ojú òsì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ọ̀tún rẹ̀ kò tẹ́. Ojú tí ó tẹ́ nìkan ni a gbọdọ̀ fi gbá bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ òsì ni ó ń wà lókè ọ̀pá, ọwọ́ ọ̀tún ń wà nísàlẹ̀. Kò sí ọ̀pá ọ̀tọ̀ fún ọlọ́wọ́ òsì. Òun pẹ̀lú yóò kọ́ ọ bí àwọn yòókù. Bọ́ọ̀lù náà le koko, ó tó ọsàn kan ní títóbi, ó sì wúwo tó gíráàmù 156 sí 163.

Ní àtijọ́, ẹni méjì láti inú ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó máa ń dúró ti bọ́ọ̀lù ní àárín pápá láti bẹ̀rẹ̀ eré. Wọn a fi ọ̀pá kan ilẹ̀, wọn a fi kan ti ara wọn, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó gba bọ́ọ̀lù lọ. Nísinsìnyí ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹnì kejì rẹ̀ láti àárín. Ní àtijọ́ pẹ̀lú, ìpín méjì oníṣẹ́jú 35 ni eré náà. Nísinsìnyí, ìpín mẹ́rin oníṣẹ́jú 15 ni. Òfin ọ́fúsáìdì tí ó wà nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò sí nínú họ́kì mọ́. Ní àárín ọdún 1996 sí 1998 ni wọ́n mú un kúrò. A sì lè pààrọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù nígbàkígbà, ẹni tí ó jáde lè padà wọlé.

Adájọ́ méjì ni ó ń fọn fèrè, olúkúlùkù ní ìdajì pápá tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí bọ́ọ̀lù kan ẹsẹ̀ tàbí ara ẹni tí ń gbá a kí ó sì ti ibẹ̀ jèrè. Aṣọ́lé nìkan ni ó lè fi ẹsẹ̀ àti ara gbà á, ìyẹn nínú ìlà ọrun tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a fi ọ̀pá kọ́ ọ̀pá ẹlòmíràn, tàbí kí a fì í ní ọ̀nà tí ó lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, tàbí kí a gbá bọ́ọ̀lù sókè kọlu ènìyàn. Àwọn àgbà ní, igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ohun tí òfin họ́kì ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ lè rí káàdì aláwọ̀ ewé, kí ó jáde fún ìṣẹ́jú méjì. Tàbí káàdì olómi-ọsàn tí a ń pè ní yẹ́lò, kí ó jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Tàbí káàdì pupa, kí ó má padà mọ́.

Bí àwọn tí ń ṣọ́lé bá ṣẹ̀ nínú ìlà ọrun wọn, a ó fún ẹgbẹ́ kejì ní kọ́nà ìjìyà. Aṣọ́lé àti ẹni mẹ́rin péré ni yóò dúró lẹ́yìn ìlà góòlù, àwọn yòókù wọn yóò sì lọ sí ìkọjá àárín pápá. Ẹnì kan nínú àwọn tí ń gbógun yóò ti bọ́ọ̀lù láti orí ìlà ẹ̀yìn, ní mítà 10 sí òpó góòlù, sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní ìta ìlà ọrun. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde kúrò nínú ìlà kí wọ́n tó lè gbá a sí góòlù. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá jẹ́ èyí tí ó dí góòlù tí ìbá wọlé dájúdájú, ẹnì kan yóò dúró ní mítà 6.4 sí góòlù, òun àti aṣọ́lé nìkan ni yóò sì kojú ara wọn.

Bí họ́kì ti dé Nàìjíríà kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn olùkọ́ òyìnbó àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó gbé e wá. Irú ilé-ìwé bí King's College ní Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1909, àti Government College ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1929, ni ó gbá a pẹ̀lú kírìkẹ́ẹ̀tì. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé àwọn yunifásítì. Ó wà nínú ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè wa tí a bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1973, tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń kópa nínú rẹ̀. Lónìí, bí a bá dárúkọ họ́kì ní Nàìjíríà, a ó gbọ́ orúkọ Kada Stars ti Kàdúná, Niger Flickers ti Mínà, àti Delta Queens ti Asaba. Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Yorùbá nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wa wà lára ibi tí eré náà kọ́kọ́ balẹ̀ sí.

Ẹnì kan lè sọ pé eré olówó ni. A kò jiyàn. Ní ọdún 1976, ní ìlú Montreal, ni a kọ́kọ́ gbá họ́kì Olímpíìkì lórí koríko àtọwọ́dá. Láti ìgbà náà ni ayé ti yí padà fún àwọn tálákà: Íńdíà tí ó ti ń gba wúrà ṣe ipò keje ní ọdún náà. Irú pápá bẹ́ẹ̀ gba owó gọbọi, ó sì tún ń fẹ́ omi nígbà tí a bá fẹ́ gbá eré lórí rẹ̀. Nàìjíríà ní irú rẹ̀ ní Abùjá, ṣùgbọ́n a kò lè retí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ Olósùnta lọ́la.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ìtàn àwọn obìnrin Zimbabwe. Ní ọdún 1980, họ́kì àwọn obìnrin wọ inú Olímpíìkì fún ìgbà kìíní, ní Moscow. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ láti lọ nítorí ọ̀ràn òṣèlú, nígbà tí ó sì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a ránṣẹ́ pe Zimbabwe, tí kò tí ì pé oṣù mẹ́rin tí ó gba òmìnira. Orí koríko lásán ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń gbá a nílé. Wọn kò tí ì gbá a lórí koríko àtọwọ́dá rí. Wọ́n gbá eré márùn-ún, ẹnikẹ́ni kò borí wọn, wọ́n sì gba wúrà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́: aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kò ní ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ilé-ìwé tí ó ní pápá àti ọ̀pá kì í ṣe ti àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ìgbà náà. Ibi tí àgbà bá gbé ohun èlò lé ọmọ lọ́wọ́ ni eré máa ń dé.

Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú Ẹgbẹ́. Nígbà ìdìbò, ẹ mọ àwọn tí ń fi kùmọ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́wọ́, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń rán wọn. Bí ọmọ yóò bá di igi mú, ó sàn kí ó jẹ́ ọ̀pá tí ó ní òfin, tí adájọ́ ń wò, tí ẹni tí ó bá fì í gbòdì yóò jáde kúrò lórí pápá lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọbìnrin wa pẹ̀lú, tí a máa ń fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá láti máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọkùnrin, ní eré tí ó ti jẹ́ tiwọn láti ọdún 1895.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Ilẹ̀ pápá ilé-ìwé tí a ro tí a sì tẹ́ dáradára tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni méje méje sì lè gbá a kí ọmọ tó pọ̀. Ilẹ̀ tí ó bí Ọlọ́wẹ̀ kò yẹ kí ó wá ẹni tí yóò gbẹ́ ọ̀pá ìkọ́ni fún àwọn ọmọdé kiri. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí ó pé ìwọ̀n àti ìhámọ́ra aṣọ́lé, èyíinì ni ohun ìbora orí, àyà àti ẹsẹ̀, ni kí ẹ̀yin tí ń bẹ ní ẹ̀yìn odi bá wa rà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọmọ sí ẹnu góòlù láìsí wọn, nítorí bọ́ọ̀lù náà kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ní ti olùkọ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìlú wa láti ọdún 1977, tí ó ti di yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ Olóyè Bámidélé Olúmilúà, kò jìnnà sí wa. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé méjì ní Ìkẹ́rẹ́, kí a sì pe Ìsẹ̀, Ọ̀rùn àti Emùré sí ìdíje ọ̀rẹ́, ọdún díẹ̀ ni yóò gbà kí ìpínlẹ̀ Èkìtì tó wá ẹni tí yóò ṣojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ètò ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù ẹ̀ka sì kọ iye ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù tí agbára rẹ̀ ká ránṣẹ́ sílé kí sáà ilé-ìwé tuntun tó wọlé.